Ẹ̀fọn Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ̀rọ náà tún kí i kú oríire.

Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń fi ìkíni ṣíwájú ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Ìbíyẹmí. Ẹ kú ìtọ́jú. Àwọn ẹ̀fọn yín yẹ. Nínú gbogbo ẹ̀yà tí mo ti wọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe mí, n kò tíì rí èyí tó yẹ tó wọn."

Ìbíyẹmí pòṣé. Apá òsì rẹ̀ wà nínú àgò aláwọ̀n títí dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn ẹ̀fọn sì ń gùn ún bọ̀ láti ọrùn ọwọ́, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ará ìjọ tó ń lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Kò sí èyí tó fò nínú wọn. Kò sí èyí tó kùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Bí ọ̀kan bá dé ibi tó wù ú, á dúró, á fẹsẹ̀ tẹ awọ ara wò, lẹ́yìn náà ni á tó ti ẹnu bọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn kò ti dun Ìbíyẹmí mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ló ń dùn ún.

Ó sọ fún ọkùnrin tó gbé e wá pé kó bá òun pa á lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn rẹ̀. Ilé Ìpamọ́ Ẹ̀yà tó rán òun wá ló ní kó máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí inú àwọn olùtọ́jú lè máa dùn. Ìbíyẹmí ní inú òun kò dùn.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ kú sùúrù o."

Adérògbà ni orúkọ ọkùnrin náà. Wolé-wolé tuntun ni. Èyí tó ń wá tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, tó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn nínú ooru, tí kì í sì í jókòó láìjẹ́ pé onílé ní kó jókòó. Àwọn ìyá ńlá Ìbíyẹmí mọ irú wolé-wolé mìíràn. Ti ìgbà wọn, aṣọ kákí ló ń wọ̀, ilé onílé ló ń yà, orí ìkòkò omi ló ń ṣí, bó bá sì bá tanwíjí nínú omi ẹni, onítọ̀hún dé ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ti ìsinsìnyí, ìgbà tí kò bá bá tanwíjí nínú omi ni ẹjọ́ dé.

Tanwíjí wà nínú omi Ìbíyẹmí. Wọ́n pọ̀ débi pé omi náà ń gbọ̀n. Adérògbà ti wo inú agbada kọ̀ọ̀kan, ó ti mi orí, ó sì ti sọ pé òun kò tíì rí ibi tí iṣẹ́ ti mọ́ tó báyìí.

Láti ojú fèrèsé yàrá àgò, èèyàn lè rí oko kòkó ìjọba ní ìsàlẹ̀ òkè, àti àwọn òṣìṣẹ́ lórí àkàsọ̀, tí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí ìpéǹpéjú dání, tí wọ́n ń fi ẹ̀tù òdòdó kan pa òdòdó kejì lára, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kòkòrò ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nígbà kan. Nígbà tí wọ́n fi oògùn pa ẹ̀fọn ayé run, kò sẹ́ni tó sunkún. Wọ́n jó, wọ́n sì yọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà ló gbá kòkòrò kòkó lọ, ó gbá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lọ, ó sì kan àdán. Ìgbà tí igi kòkó ń tanná lọ́dọọdún tí kò so ni ẹ̀rù tó ba ìjọba, tí wọ́n ṣòfin pé ẹ̀yà abẹ̀mí kankan kò gbọdọ̀ parun mọ́, ìbáà ṣe èyí tó ń mú èèyàn ṣàìsàn. Olúkúlùkù èyí tó kù ni wọ́n yan olùtọ́jú fún. Aládùúgbò Ìbíyẹmí ní Òkè-Àsálà, igún ni wọ́n gbé fún un. Ìbíyẹmí, tó kàwé nípa kòkòrò dé ibi tí ìwé pin sí, ìwọ̀nba ẹ̀fọn tó bọ́ lọ́wọ́ oògùn ló kàn án. Àwọn ará òkè kì í pè é ní Dókítà. Ìyá Ẹ̀fọn ni wọ́n ń pè é, ó sì ti sú u láti máa bá wọn jà sí i.

Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn mu yó, tó sọ̀kalẹ̀ lórí apá rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Ìbíyẹmí fa ọwọ́ yọ, ó pa àgò dé, ó sì jókòó. Ó ní kí Adérògbà náà jókòó. Adérògbà jókòó, ó sì sọ ìròyìn tó gbé wá.

Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ ti sọ pé wọ́n yẹ, Ilé Ìpamọ́ yóò gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ẹrẹ̀ Ìdápadà létí odò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, wọn yóò ṣí àgò, wọn yóò sì kéde pé àwọn ti dá ẹ̀fọn padà sáyé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń sọ ọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, olùtọ́jú ti bọ́. Ibi tó bá wu Dókítà ni ó lè lọ.

Ìbíyẹmí wo ìsàlẹ̀ òkè láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Tẹniọlá, wà ní Etí-Òdò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. Òfin ni pé olùtọ́jú kò gbọdọ̀ kúrò lórí òkè, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló lè bọ́ ẹ̀yà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ojú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló ti wo ìwẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tó ń pariwo láti òkè pé kí ìyá ọkọ Tẹniọlá jọ̀wọ́ di orí ọmọ mú dáadáa, kó na apá rẹ̀, kó má fi omi gbígbóná jó o nídodo. Ìyá ọkọ náà kàn yí ẹ̀rọ dojú kọ ògiri. Ìbíyẹmí gbọ́ ìyókù ìwẹ̀ náà létí.

Gbogbo ohun tó kù fún un láti ṣe báyìí ni kó dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu omi mu, ó gbé ife kalẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tó yá, ó bi Adérògbà pé ní ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé wọn lọ yìí, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọn yóò máa mu níbẹ̀?

Adérògbà ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń gé koríko odò náà sì wà.

"Wọn ò ní mu ún," ni Ìbíyẹmí wí.

Ó wá ṣàlàyé fún un, kò sì fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé, nítorí ó ti ṣe é fún wolé-wolé àtijọ́, tó gbàgbé, ó sì ti ṣe é fún Ilé Ìpamọ́, tí wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjọba ń kó ẹ̀jẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Òjò wá gbá ọ̀nà lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò dé, ẹ̀fọn sì ń kú, ló bá ká apá ẹ̀wù sókè. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà yẹn, ó ṣì ń lò ó títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mu tirẹ̀, wọ́n sì kú sórí apá náà. Àwọn tí kò kú ló bímọ. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ dé padà, àwọn ọmọ yẹn rìn kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé òkúta ni. Ti àwọ̀n orí àgò tún wà níbẹ̀. Iná wà lára rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà sá jáde. Èyí tó bá fò kàn án, á jó. Èyí tó ń rìn nílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Bí àwọn tó ń rìn ṣe jogún ilé nìyẹn.

"Ẹ̀rọ yín ní wọ́n yẹ," ló wí, "ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn kò sì lè gbé wọn dé etí èèyàn."

Adérògbà gbọ́ ọ títí. Kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù àtifèsì fún àgbà, bó bá ti fi ọ̀wọ̀ sí i. Ó ní òun wà lára àwọn tó gbọ́ ẹ̀kọ́ Dókítà láti ojú ẹ̀rọ nígbà tí òun wà nílé ìwé, òun kò sì tíì gbàgbé ohun tó kọ́ àwọn.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa, mà, pé yíyẹ kì í ṣe agbára, kì í ṣe ẹwà. Ẹ ní ẹni tó bá bímọ, tí ọmọ rẹ̀ tún bímọ, níbi tó wà, òun ló yẹ. Àwọn yìí ń bí. Ọmọ wọn ń yè. Kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Ìbíyẹmí lára. Bí ó bá jẹ́ àlàyé ẹlòmíràn ni, ì bá ti fọ́ ọ yángá. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá bá a yìí, kò sì sí ibi tí yóò ti gbá a mú.

Ó ní, "Mo ní níbi tó wà. Ibo ni wọ́n wà? Orí apá mi ni wọ́n wà. Apá èèyàn kì í ṣe ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Adérògbà. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìlú wọn kú."

"Kò sí ìlú tí kì í kú, mà. Gbogbo ohun tó ti parun láyé yìí, ó yẹ ibi tó wà kí ibẹ̀ tó yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Tí ibẹ̀ kò bá sí mọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò sí nínú òwe."

Ó rọra sọ ọ́, kò fi ṣe ìgbéraga, ìyẹn gan-an ló sì mú inú túbọ̀ bí Ìbíyẹmí, nítorí òótọ́ ni. Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó padà. Ó ní kò burú, àwọn ẹ̀fọn yẹ. Kí wọ́n gbé wọn lọ sẹ́rẹ̀, kí wọ́n ṣí àgò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn yóò ti kú tán, ẹ̀rọ yóò sì kéde pé ẹ̀fọn ti padà sáyé. Ilé Ìpamọ́ yóò jó. Òun yóò ti wà lọ́dọ̀ ọmọ òun. Inú gbogbo èèyàn yóò dùn, ó ku ti ẹ̀fọn.

Adérògbà wá bi í pé, kí ló dé tó fi ń sọ gbogbo èyí fún òun, nígbà tó mọ ohun tí dídákẹ́ ì bá fún un?

Ìbíyẹmí ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ. Kò fẹ́ràn ẹ̀fọn. Kò fẹ́ràn wọn rí. Bí wọ́n bá ní kó ka àwọn ohun tó sú u láyé, àwọn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn sì bí i nínú ju ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lọ.

Adérògbà wá sọ fún un pé ọ̀nà kejì wà. Bí ó bá hàn gbangba pé ẹ̀yà kan kò lè wà láàyè lẹ́yìn olùtọ́jú rẹ̀, Ilé Ìpamọ́ lè kéde pé ọ̀nà ẹ̀yà náà ti pin. Wọn yóò fi èéfín mú wọn sùn lọ, ìyẹn kò sì rú òfin, nítorí wọ́n kà á sí òkú tó ti kú tipẹ́. Olùtọ́jú bọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ohun tó gbà kò ju pé kí ẹlòmíràn ki apá bọ inú àgò lójú ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá mu ún, ó parí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì gbà láti ṣe é rí.

Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì apá ẹ̀wù rẹ̀.

Ìran Adérògbà kò mọ ẹ̀fọn. Wọ́n ti pa wọ́n run kí wọ́n tó bí i. Ó sọ fún Ìbíyẹmí pé ìyá tó bí ìyá òun bí ọmọ méje, ibà pa mẹ́ta nínú wọn, títí màmá náà fi kú, bó bá ti gbọ́ ohun tó ń kùn, á máa gbá afẹ́fẹ́ lójú oorun. Ìbíyẹmí ní kó fọkàn balẹ̀, pé kòkòrò ibà kò sí nínú àwọn wọ̀nyí, pé kò sí ohun tí wọ́n lè kó ràn án ju ara yíyún lọ. Adérògbà ní òun mọ̀. Ó yí ojú sí ògiri, ó sì ki apá bọ àgò kejì, èyí tí wọn kò tíì bọ́ lónìí.

Wọ́n wá. Bí wọ́n ṣe máa ń wá náà ni wọ́n ṣe wá, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Wọ́n gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dé ibi tí irun wà, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe èyí tí wọ́n júwe fún un. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gba ti àwọn tó ṣíwájú gbọ́. Àwọn náà gùn ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí padà.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ kú ìdúró o. Kò tíì sí èyí tó mu."

Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun Ìbíyẹmí láti ẹsẹ̀ wá. Ojú tì í fún ayọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò lé e. Ó ti ń ronú ohun tí yóò kó sínú báàgì: ọṣẹ dúdú, òrí, kàn-ìn-kàn-ìn tó rọ̀, aṣọ ìpọ̀nmọ tó ti rà láti ìgbà oyún àkọ́kọ́. Ó ti dé Etí-Òdò nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ.

Ọ̀kan kù lórí apá náà. Kì í ṣe òun ló tóbi jù, kì í ṣe òun ló kéré jù. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ kò ní lè yà á sọ́tọ̀. Ó dúró síbi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ Adérògbà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un tẹ̀. Ó ti ẹnu bọ̀ ọ́.

Adérògbà fò sókè. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tó ṣe tẹ̀lé e, kò sì tíì rí ẹni tó ṣe é rí: ó fa apá yọ tòun ti ẹ̀fọn lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì gòkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀.

Ìbíyẹmí gbá a mú ní òfuurufú.

"Má pa á," ló wí.

Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ obìnrin náà lórí ọwọ́ ọkùnrin náà. Lábẹ́ rẹ̀, inú ẹ̀fọn náà ń pupa, ó sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ kú oríire o. Ọ̀kan ti mu. Ọ̀nà ẹ̀yà yìí kò tíì pin. Kí olùtọ́jú máa bá iṣẹ́ lọ."

Ìbíyẹmí tú ọwọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀. Ohun tó wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ó bú ẹ̀fọn náà. Ó bú ẹ̀rọ, ó bú ìjọba tó ṣòfin, ó bú òjò tó gbá ọ̀nà lọ, ó bú ẹ̀jẹ̀ Adérògbà, ó ní irú ẹ̀jẹ̀ wo nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó bú ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá ti dúró jẹ́ẹ́ sórí itan rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, kì bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ta ló rán an níṣẹ́? Ta ló bi í?

Apá ara rẹ̀ ni Adérògbà ń wò. Nígbà tí ẹ̀fọn náà yó, tó sì ń rìn lọ sókè lórí apá rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn sí, ó bi Ìbíyẹmí pé kí ni àwọn yóò ṣe báyìí.

Ìbíyẹmí mú ife kékeré kan, ó fi dé e mọ́lẹ̀, ó sì fi ewé bébà gbé e kúrò. Ó sọ ohun tó kù, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Abo ni. Akọ ti gùn ún, yóò yé ẹyin. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan mu ẹ̀jẹ̀ Adérògbà, kí àwọn kan má mu ún. Èyí tó bá mu, ọmọ tirẹ̀ ni yóò tún ṣeé ṣe kó mu ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá pa iná orí àwọ̀n, bóyá èyí tó lè fò á tún yọjú lọ́jọ́ kan. Bóyá kò ní yọjú. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ gba pé kí apá kan wà níbí tí kì í ṣe tòun.

"Òkè mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ lọ, mà," ni Adérògbà wí. "Wọ́n ń retí mi."

"Yàtọ̀ sí tèmi, ẹ̀jẹ̀ ìwọ nìkan ló mu."

Ìbíyẹmí kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó ti fi ẹ̀yin sílẹ̀ tó ń pè é ní ìwọ. Adérògbà náà kò kà á sí. Ó ń ronú, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni, bó sì ṣe rí ohun tó rí, kò lè gbé e mì.

Ó ní, "Òfin ní olùtọ́jú kò gbọdọ̀ kúrò níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ òun nìkan ló lè bọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan mọ́. A jẹ́ pé ẹ lè lọ."

Ìbíyẹmí gbé ojú sókè. Ó yẹ kó yọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sí àgò àkọ́kọ́, níbi tí àwọn yòókù wà, tí wọ́n yó, tí wọ́n sùn mọ́ ara àwọ̀n lápá ìsàlẹ̀ níbi tí iná kò dé. Bí òun bá lọ, kò sí ẹni tí yóò bọ́ ìwọ̀nyẹn. Wọn kò ní yé ẹyin mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti dà láti ọdún wọ̀nyí wá, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ló wá fẹ́ di ẹrù rẹ̀ kó jáde yìí. Yóò wá ku ọ̀kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ife, tí kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tó fi mu.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Adérògbà. Adérògbà ní ó dun òun. Ó ní bó bá fẹ́ dúró, òun yóò ràn án lọ́wọ́ níwọ̀n tí òun bá lè ṣe, àti pé kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ìbíyẹmí wá sọ pé lẹ́ẹ̀mejì ni òun ti yan ẹ̀fọn. Òun kò ní yàn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Adérògbà bọ́ síta láti bá ọ́fíìsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti inú ilé, Ìbíyẹmí ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní àkọ́kọ́ ó ń fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé, nígbà tó pẹ́ ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, lẹ́yìn náà ló pariwo, ó ní ṣé wọn kò gbọ́ pé ẹ̀rọ àwọn fúnra wọn ló ní ọ̀nà kò tíì pin ni? Nígbà tó wọlé padà, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti ṣí. Ó ní wọ́n ti gbà kí Dókítà lọ, kí òun sì dúró sí ipò rẹ̀ títí yóò fi padà. Ó ní wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi kọ̀ ọ́, wọn kò rí i, orí ti fọ́ òun, ṣé oúnjẹ wà nílé?

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìbíyẹmí ki apá bọ inú àgò, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti máa ń pẹ́ lọ. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń bá ẹ̀fọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn yó, ó fa ọwọ́ yọ, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ orí wáyà sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Tẹniọlá ti bí kó tó dé. Obìnrin ni ọmọ náà, igbe rẹ̀ kò sì jọ ti ọmọ àná rárá. Ìbíyẹmí gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ láìjáfara. Ó wẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀, ó wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi òrí pa á lára títí ara rẹ̀ fi ń dán. Ìyá ọkọ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé omi ti gbóná jù. Ìbíyẹmí kò bá a jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tẹniọlá di apá ìyá rẹ̀ mú, ó wo àpá tó kún ibẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó bi í bóyá wọ́n ń dùn ún. Ìbíyẹmí ní rárá, wọ́n kàn ń yún un ni, nígbà tí kò sí ohun kan tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí Adérògbà pè, ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀, ọṣẹ ti kún ara rẹ̀. Tẹniọlá bá ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ mọ́ etí. Ohùn ọkùnrin náà ti yí padà. Kò kí i tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹyin pa, tanwíjí pọ̀, wọ́n di ẹ̀fọn, àmọ́ wọn kò fẹ́ mu òun. Wọ́n ń wá, wọ́n ń tẹ òun wò, wọ́n ń padà. Òun ti wẹ̀ láìlo ọṣẹ, òun ti yí apá padà, òun ti jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ bárà, ẹ̀rọ tí kò lójútì yìí sì ń kí òun kú ìdúró. Àwọn tó mu kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú àtifò láàárọ̀, ó fi orí sọ ilẹ̀, ó dìde, ó tún gbìyànjú. Báwo ni Dókítà ṣe fara da èyí?

Ìbíyẹmí bi í nípa àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Adérògbà ní, "Wọ́n ti tán, mà. Èyí tó gbẹ̀yìn lọ láná. Mo ki apá sí i fún un títí. Kò gbà."

Ìbíyẹmí bu omi díẹ̀ sára ọmọ náà. Láyé yìí, kò sí ohun abẹ̀mí kan tó yẹ ẹ́ tó ìwọ̀nyẹn, kò sì sí ọ̀kan tó kù. Ọmọ orí itan rẹ̀ di ìka rẹ̀ kan mú, ó ń fà á lọ sí ẹnu.

Ó ní, "Àwọn tí kò tó nǹkan yẹn, àwọn ni ẹ̀fọn. Máa fún wọn ní apá."

Adérògbà ní òun gbọ́. Ó bi í pé ọjọ́ wo gan-an ló ń padà bọ̀, nítorí Ilé Ìpamọ́ ń béèrè, òun náà sì ń béèrè. Ìbíyẹmí ní kó má bínú, omi ìwẹ̀ ọmọ ti ń tutù, ó sì ní kí Tẹniọlá gbé ẹ̀rọ náà kúrò létí òun.